Ìtọ́jú Ìbátan Tó Jẹ́ Aláàbọ̀ Ara Lójú Òfin Ìsìláàmù àti Lójú Òfin Owó-Orí Gánà: Àyẹ̀wò Láti Ìlú Kumasi

Ìfáàrà

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ owó-orí mu gan-an. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ ẹnì kan, òkè ni ó kọ́kọ́ ń wò: iye tí ẹni náà ń gbà lóṣù, tàbí bí ìsọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Àwọn èèyàn tí owó náà ń bọ́ kì í hàn, àfi bí òfin fúnra rẹ̀ bá bèèrè wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ta ni ó yẹ kí òfin kà mọ́ àwọn tí à ń gbọ́ bùkátà wọn? Ní pàtàkì, kí ni ó tọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbátan tó ti dàgbà, tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, tí kò lè ṣiṣẹ́ jẹun, tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀?

Ìdí méjì ni a fi yan ìlú Kumasi fún àyẹ̀wò yìí. Èkíní ni pé ó pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti ń gbé ní àwọn àdúgbò Zongo ìlú náà. Òwò ni ó gbé àwọn baba wọn débẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn. Àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà, tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ká. Irú ìfọ́nká bẹ́ẹ̀ a máa dín iye ọwọ́ tó ń gbé ẹrù ẹbí kù. Èkejì ni pé àṣà mẹ́ta pàdé ní Kumasi lórí ọ̀rọ̀ yìí: àṣà àwọn Asante, tí ẹbí ìyá tí wọ́n ń pè ní abusua jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, òfin Ìsìláàmù gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọlẹ́yìn Imām Mālik ṣe kọ́ wa, àti òfin owó-orí ìjọba. Olúkúlùkù wọn ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè pé ta ni ẹni ẹni.

Ohun tí òfin owó-orí Gánà kà, àti ohun tí kò kà

Òfin tó ń darí owó-orí lórí owó iṣẹ́ ní Gánà ni Income Tax Act ti ọdún 2015, tí í ṣe Òfin 896. Ghana Revenue Authority, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ni ó ń mú un ṣẹ. Òfin yìí gbà pé kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé fún èèyàn ni ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà ó ṣètò ìdẹ̀rùn, èyíinì ni iye kan tí a ó yọ sẹ́yìn kí a tó ṣírò owó-orí. Ìdẹ̀rùn wà fún ẹni tó ń bọ́ ìyàwó tàbí ọkọ, tàbí ó kéré tán ọmọ méjì. Ó wà fún ẹni tó ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀, títí dé ọmọ mẹ́ta. Ó wà fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wà fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀: ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin owó tó ń rí nídìí iṣẹ́ tàbí òwò, èyíinì ni 25%, ni a ó yọ sẹ́yìn fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìdẹ̀rùn fún ẹni tó ń tọ́jú ìbátan àgbàlagbà. Kò gbọdọ̀ ju ìbátan méjì lọ, ọjọ́ orí ìbátan náà sì gbọ́dọ̀ tó ọgọ́ta ọdún. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà lọ́dún 2019 gbé ìdẹ̀rùn yìí láti GH¢100 lọ sí GH¢1,000 lọ́dún fún ìbátan kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe là á. Ká ní obìnrin kan jẹ́ olùkọ́ ní Asawase. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 68. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 34, ọpọlọ rẹ̀ kò pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò lè dá wẹ̀, kò sì lè dá jáde. Àwọn méjèèjì ni ó ń gbé pẹ̀lú olùkọ́ yìí, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Bí ó bá bèèrè ìdẹ̀rùn nítorí ìyá rẹ̀, tí ó sì mú ẹ̀rí wá, òfin yóò yọ GH¢1,000 sẹ́yìn fún un. Bí owó rẹ̀ bá ti wọ ìpele tí wọ́n ti ń gba 17.5%, èrè tí yóò rí ní ọdún kan ni GH¢175. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n òfin ti rí ìyá náà. Ti àbúrò ńkọ́? Kì í ṣe ọkọ olùkọ́ yìí, kì í ṣe ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kò sì tíì pé ọgọ́ta ọdún. Òfin kò rí i. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí i kí òfin tó mọ̀ pé ó wà nínú ilé, nígbà náà gan-an sì ni, nítorí pé ó dàgbà ni yóò ṣe kà á, kì í ṣe nítorí pé kò lè dá dúró. Ká ní àbúrò yìí lè ṣiṣẹ́ ni, tí ó sì ń gba owó oṣù, òfin ì bá yọ ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin owó rẹ̀ sẹ́yìn fún un. Àánú tó dára ni ìyẹn, nítorí ìnáwó aláàbọ̀ ara tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó já sí pé òfin rí aláàbọ̀ ara tó lè bọ́ ara rẹ̀, kò sì rí èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn òfin mìíràn kò dí àlàfo yìí. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti ọdún 2006, tí í ṣe Òfin 715, ṣèlérí ẹ̀dín owó-orí fún agbanisíṣẹ́ tó bá gba aláàbọ̀ ara síṣẹ́. Ti ẹbí tó ń tọ́jú aláàbọ̀ ara nílé kò sí níbẹ̀. Ètò LEAP, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, ń fún àwọn ilé tí òṣì ti ta púpọ̀ ní owó, aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣiṣẹ́ sì wà lára àwọn tí ó ń wò. Ṣùgbọ́n ilé tí olùkọ́ ń gbé, tí owó oṣù ń wọ̀, kì í ṣe ilé tí LEAP ń wá. Bákan náà, wọ́n ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara nínú owó àpapọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Common Fund. Ríra irinṣẹ́, dídá òwò sílẹ̀ àti lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè lo irinṣẹ́, tí kò sì lè dá òwò ṣe, bọ́ sí àárín.

Ti àwọn oníṣòwò tún wá yàtọ̀. Ẹni tó ń tajà ní Kejetia, tàbí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine, tí òwò rẹ̀ kò tóbi, sítáǹbù tí wọ́n ń pè ní Tax Stamp ni ó ń rà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Irú òwò àti bí ó ti tóbi tó ni a fi ń díwọ̀n iye rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti ń bi oníṣòwò pé àwọn wo ni ó ń bọ́. Òkè nìkan ni sítáǹbù ń wò.

Kò yẹ kí a rò pé ohun tí òfin kò lè ṣe ni èyí. Òfin owó-orí Nàìjíríà, kí wọ́n tó tún un ṣe lọ́dún 2011, yọ ₦2,000 sẹ́yìn fún ìbátan kọ̀ọ̀kan, títí dé méjì, tí ọjọ́ ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kí ó lè bọ́ ara rẹ̀. Owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì yẹn: tàbí àìlera. Òun ni òfin Gánà kò ní. Ní Amẹ́ríkà, òbí lè ka ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara pátápátá mọ́ àwọn tí ó ń bọ́, bí ọmọ náà tilẹ̀ jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Èèyàn sì lè ka ọmọ ìyá rẹ̀ náà, bí owó tó ń wọlé fún ẹni yẹn bá kéré, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń gbé ju ìdajì ìnáwó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó kà, bí kì í bá ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ jẹ́ olùgbé ibẹ̀, tàbí olùgbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Ọmọ Kumasi tó ń ṣiṣẹ́ ní Bronx, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gánà, tí kò lè rìn, ní Aboabo, kò lè kà á níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú àbúrò náà ní Aboabo kò sì lè kà á nílé.

Ìtọ́jú ìbátan lójú àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù

Nafaqah ni àwọn onímọ̀ wa ń pe oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé àti ìtọ́jú tí òfin mú ní dandan fún ẹnì kan lórí ẹlòmíràn. Súratul-Baqarah, āyah 233, gbé bùkátà ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lé baba ọmọ lórí, ó sì fi hàn pé irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ wà lórí ajogún. Súratul-Isrāʼ, āyah 26, pàṣẹ pé kí a fún ìbátan ní ohun tó tọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ kò jiyàn pé ojúṣe wà. Ibi tí ojúṣe náà dé ni wọ́n ti yapa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ́ Risālah tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī kọ. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé nafaqah jẹ́ dandan lórí èèyàn fún àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ aláìní, àti fún àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké tí kò ní dúkìá: ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, tí kò sì ní àìlera tí kì í lọ, obìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Ó fi kún un pé kò sí nafaqah fún ìbátan mìíràn yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Èyí ni ojú ọ̀nà Imām Mālik. Gẹ́gẹ́ bí èyí, ọmọ tó bàlágà pẹ̀lú àìlera kò bọ́ lọ́rùn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò olùkọ́ wa kò sí lọ́rùn olùkọ́ náà ní dandan. Imām Ash-Shāfiʻī na ojúṣe náà sókè dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá, ó sì nà án sísàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn Imām Abū Hanīfah nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìbátan ẹ̀jẹ̀ tí ìgbéyàwó kò lè wáyé láàárín wọn, bí ọmọ ìyá, ọmọ baba, arákùnrin òbí àti arábìnrin òbí, bí onítọ̀hún bá jẹ́ aláìní tí kò sì lè ṣiṣẹ́. Bí ogún ṣe ń pín ni wọ́n sì ṣe ń pín ẹrù náà. Ogún náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn Imām Ahmad bn Hanbal fi ṣe òṣùwọ̀n: ẹni tí yóò jogún èèyàn ni yóò bọ́ ọ bí ó bá di aláìní.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú jáde nínú ìyapa yìí. Àkọ́kọ́, kò sí mádíhàbù kan tí ó fi ọgọ́ta ọdún tàbí iye ọdún mìíràn ṣe ààlà fún àìlera. Ìbàlágà ni ààlà ọjọ́ orí kan ṣoṣo fún ọmọkùnrin, àìlera sì lè mú kí ojúṣe ré ààlà náà kọjá. Èkejì, kì í ṣe àbùkù ara ni ó ń mú nafaqah wá, bí kò ṣe àìní àti àìlè-ṣiṣẹ́. Afọ́jú tó ní òwò lọ́wọ́ kì í ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni. Èyí pa ọ̀wọ̀ aláàbọ̀ ara mọ́, nítorí kò pe gbogbo wọn ní aláìlágbára.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jùlọ fún àwa tí a ń tẹ̀lé Imām Mālik. Ẹnì kan lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Risālah ti sọ pé kò sí nafaqah fún ọmọ ìyá, ohun tí olùkọ́ Asawase ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ inú rere lásán, kò sì sí ìdí tí òfin kankan yóò fi kà á. Ìdáhùn wa ni pé àwọn tó pa ààlà yẹn kò fi àbúrò náà sílẹ̀ lójú títì. Ẹ̀yìn ààlà nafaqah ni sàká wà, ẹ̀yìn sàká ni ilé-ìṣúra àwọn Mùsùlùmí wà. Ẹ wo bí wọ́n ti so nafaqah àti sàká pọ̀: ẹni tí nafaqah rẹ̀ jẹ́ dandan lórí mi kò lè gba sàká mi, nítorí yóò dà bí ẹni pé mo fi sàká san gbèsè ara mi. Ẹni tí nafaqah rẹ̀ kò jẹ́ dandan lórí mi, tí ó sì jẹ́ aláìní, lè gbà á bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbátan mi. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé ọrẹ tí a fún ìbátan gba orúkọ méjì, ó jẹ́ sàráà, ó sì jẹ́ síso okùn ìbí. Nínú ètò yìí, aláìní kò lè bọ́ sí àárín. Bí kò bá sí níbìkan, yóò wà níbòmíràn.

Níbi tí kò sí ilé-ìṣúra tó ń ṣiṣẹ́ bí ti ìgbà nì, bíbọ́ ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ di fard kifāyah, ojúṣe tó wà lọ́rùn gbogbo ìjọ títí àwọn kan nínú wọn yóò fi ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é bọ́ ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn gbogbo àwọn tó kù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti rí gbòǹgbò. Olùkọ́ tó ń bọ́ àbúrò rẹ̀ ní Asawase kò ṣe inú rere fún àbúrò rẹ̀ nìkan. Ó ń san gbèsè tí gbogbo wa jẹ. Owó tó ń ná lórí rẹ̀, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni, kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìjọba bá wá ka owó náà mọ́ owó tirẹ̀, tí ó sì gba owó-orí lórí rẹ̀, ó ti gba owó-orí lórí ohun tí òun gan-an ì bá ná ká ní olùkọ́ náà kọ ẹrù yẹn sílẹ̀.

Ohun tí ìtàn fi kọ́ wa

Abū Yūsuf, adájọ́ àgbà nígbà ayé Hārūn ar-Rashīd, ròyìn nínú Kitābul-Kharāj pé Sayyidunā ʻUmar bn al-Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) rí arúgbó afọ́jú kan tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó bèèrè, ó rí i pé Júù ni, àti pé owó jizyah, àìní àti ọjọ́ ogbó ni ó gbé e dé ìdí agbe. ʻUmar mú un lọ sí ilé ara rẹ̀, ó fún un ní ohun tó rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ìṣúra pé kí ó máa wo ẹni yìí àti irú rẹ̀, ó sì mú jizyah kúrò lórí wọn. Èrò rẹ̀ ni pé kò bá ẹ̀tọ́ mu kí a jẹ agbára èèyàn nígbà èwe rẹ̀, kí a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà ogbó rẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ kíyè sí i pé ohun méjì ni ʻUmar ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó mú owó-orí kúrò, ó sì fún un ní owó láti inú ìṣúra. Kò rò pé ọ̀kan nínú wọn pa ìkejì rẹ́.

At-Tabarī náà kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé al-Walīd bn ʻAbdil-Malik, tó jọba láti ọdún 705 sí 715, ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀ kí wọ́n má baà máa ṣagbe, ó sì fún arọ ní ìránṣẹ́ àti afọ́jú ní amọ̀nà. Bí èèyàn bá sì rò pé ẹni tí à ń tọ́jú kò ní ohun tí yóò fún ìjọ, kí ó rántí ʻAbdullāh bn Umm Maktūm, afọ́jú tí Súratu ʻAbasa sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó pe ìrun ní Madīnah, Ànábì sì fi í ṣe adelé nínú ìlú náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí ó lọ sí ìrìn-àjò ogun.

Àwọn àtakò mẹ́ta

Àtakò kìíní ni pé iṣẹ́ tí a ṣe nítorí Ọlọ́hun kò yẹ kí a lọ gba ẹ̀san rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lójú àwọn èèyàn wa, ọ̀pọ̀ ni kò sì bèèrè ìdẹ̀rùn tí òfin fún wọn nítorí ìyá wọn pàápàá. Ṣùgbọ́n ìdẹ̀rùn kì í ṣe ẹ̀san. Arìnrìn-àjò tó gé ìrun kúrú kò gba owó ọ̀yà ìrìn-àjò. Aláìsàn tó jẹun nínú Ramadān kò gba ẹ̀san àìsàn. Rukhsah ni, ìdẹ̀kùn tí Olófin fi sílẹ̀ nítorí pé ó mọ ìwọ̀n agbára ẹ̀dá, Ànábì sì kọ́ wa pé Ọlọ́hun fẹ́ràn kí a lo ìdẹ̀kùn Rẹ̀. Òfin owó-orí tó bá bèèrè ẹni tí à ń bọ́ kò ra inú rere wa. Ó ń wọn agbára wa dáadáa ni. Ìkhlāsì sì wà nínú ọkàn ẹni tó ń gbé àbúrò rẹ̀ lọ wẹ̀ láàárọ̀, kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Àtakò kejì ni pé ìtìjú ni fún aláàbọ̀ ara kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Bí ẹni náà bá ní òye, ó yẹ kí a gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ síbikíbi, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀, Al-Kùránì pe ohun tí ìbátan ń gbà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ nítorí pé ó ní ẹ̀tọ́ kò gba ìtìjú. Ohun tó ń mú ìtìjú wá ni fífi èèyàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn tí àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ètò ìkànìyàn Gánà ti ọdún 2010 ka aláàbọ̀ ara 737,743, èyí tó jẹ́ bíi 3% gbogbo ará ìlú. Ilé tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, ó ti dín iye àwọn tí ìjọba yóò ṣètò fún kù.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jùlọ: ìdẹ̀rùn owó-orí ń ran ẹni tó ní owó oṣù lọ́wọ́, kò sì ran ẹni tí kò ní nǹkan kan. Kí ló dé tí a kò fi owó náà fún aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀? A gbà pé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìjọba lè ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ebi ti ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn ʻUmar ti fi hàn pé ẹ̀tọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Owó ìrànwọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara. Ìdẹ̀rùn owó-orí jẹ́ ìdájọ́ òdodo fún ẹni tó ń gbé e. Ìjọba tí kò tíì lè ṣe èkíní fún gbogbo èèyàn kò ní àwáwí láti kọ èkejì, nígbà tí ó ti ṣe é fún ẹni tó ń bọ́ ìyá tó pé ọgọ́ta ọdún.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Àkọ́kọ́, kí àwọn àlùfáà wa ní Kumasi àti níbòmíràn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí òfin ti fún wọn. Ìdẹ̀rùn kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó tọ́ sí gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Aláàbọ̀ ara tó ń ṣiṣẹ́, tí kò mọ̀ pé 25% owó rẹ̀ yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ owó-orí, ń pàdánù lóṣooṣù.

Èkejì, kí a má ṣe fi irọ́ dí àlàfo tí òfin fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún kún ọjọ́ orí àbúrò rẹ̀ kí ó lè pé ọgọ́ta, tàbí tó kọ ìyá tí òun kò bọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀rí èké ni ó jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Irọ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa fún àwọn tí kò fẹ́ kí òfin yí padà ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó ń pín sàká tún ọ̀nà wọn yẹ̀ wò. Aláàbọ̀ ara tó lè dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni a ń rí. Èyí tí kò lè jáde nílé kò sí lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lójú òfin owó-orí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí orúkọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a sì fún ìbátan tó ń tọ́jú wọn ní owó sàká wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn onímọ̀ wa, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì KNUST tó ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ yìí ní Kumasi, gbé ẹ̀bẹ̀ kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: pé kí a fi ọ̀rọ̀ méjì náà, tàbí àìlera, kún ibi tí òfin ti sọ pé kí ìbátan tí à ń bọ́ pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀bẹ̀ yìí kò jẹ́ ti Mùsùlùmí nìkan. Wɔfa tó jẹ́ Asante, tí àṣà abusua gbé ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí kò lè rìn lé lọ́wọ́, wà nínú ọ̀ràn kan náà.

Ìkádìí

Onírúurú ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni ẹni ẹni. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù yapa lórí ibi tí dandan dé, ṣùgbọ́n wọn kò yapa lórí pé aláìní tí kò lè ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ẹnì kan: bí kò bá wà lọ́rùn ìbátan, yóò wà lọ́rùn ìṣúra, bí kò bá sí ìṣúra, yóò wà lọ́rùn ìjọ. Òfin tí ènìyàn ṣe lè yan ibi tó bá wù ú láti fa ìlà sí. Ohun tí kò tọ́ ni kí ó fa ìlà púpọ̀, kí ẹnì kan sì wà tí kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Òfin owó-orí Gánà ti rí ọmọ, ó ti rí arúgbó, ó sì ti rí aláàbọ̀ ara tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún 34 tó jókòó sínú ilé ní Asawase, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọwọ́ bọ́, ni ó kù kí ó rí.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.